Pàǹtírí Ọkọ̀ Òkun ní Èbúté: Bí Ẹ Ṣe Máa Gbé E Kalẹ̀ Láìfi Ọkọ̀ Há

Kò sí òkun ní Iléṣà, kò sí ní Ifẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí fóònù mi má dún. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ àwọn atukọ̀ ní Oron ni, tàbí ọmọ Ifẹ̀ tó ríṣẹ́ sọ́dọ̀ ejẹ́ǹtì, aṣojú ọlọ́kọ̀, ní Àpápá. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń gbé wá: “Bọ̀dá, ọkọ̀ wa ń gúnlẹ̀ lọ́la. Pàǹtírí inú ẹ̀ ńkọ́? Ta la máa kó o fún?” Lọ́la kẹ̀? Ẹni tó bá dúró di ìgbà tó ku ọ̀la kó tó béèrè ti pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Mo wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ẹ̀rẹ̀jà, mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa fi ránṣẹ́ síra yín, kí èmi náà lè rí oorun ọ̀sán sùn.

Ọdún mọ́kànlá ni mo lò nínú yàrá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù. Nínú gbogbo ọkọ̀ tí mo rí tó há sí èbúté nítorí ìdọ̀tí, ìdọ̀tí gan-an kọ́ ló sábà ń kó bá wọn. Ìwé ń sọ tiẹ̀, táǹkì ń sọ tiẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ.

Òfin tó wà nílẹ̀, ní ṣókí

MARPOL ni orúkọ àdéhùn àgbáyé tó de ọkọ̀ òkun lórí ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí. Àfikún mẹ́fà ló ní. Mẹ́ta nínú wọn ló máa ń kan ẹni tó fẹ́ gbé ìdọ̀tí kalẹ̀ ní èbúté: Àfikún Kìíní lórí epo, Ìkẹrin lórí ìgbọ̀nsẹ̀, Ìkarùn-ún lórí pàǹtírí. Nílẹ̀ wa níbí, NIMASA, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun, ló ń rí i pé ọkọ̀ pa á mọ́. NPA, àjọ èbúté Nàìjíríà, ló ń bójú tó èbúté. Àdéhùn náà di ẹrù lé ìjọba lórí pẹ̀lú: wọ́n gbọ́dọ̀ rí i pé ibi ìgbàdọ̀tí wà, kí ọkọ̀ má sì pẹ́ jù nídìí rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe é bíi pé ojúrere ló ń ṣe fún yín.

Ẹ yẹ ọkọ̀ yín wò, bóyá ó ní gbogbo èyí:

- Pátákó ìkìlọ̀ nípa pàǹtírí lára ògiri, tí ọkọ̀ bá gùn tó mítà 12. Ó gbọ́dọ̀ wà ní èdè tí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ń sọ.
- Ètò ìkópàǹtírí ní àkọsílẹ̀, tí ọkọ̀ bá tó 100 GT (GT ni wọ́n fi ń wọn bí inú ọkọ̀ ṣe tóbi tó) tàbí tó lè gba èèyàn 15.
- Ìwé àkọsílẹ̀ pàǹtírí, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Garbage Record Book, fún ọkọ̀ tó ń lọ sí èbúté orílẹ̀-èdè mìíràn. Tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ 400 GT sókè ló kàn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ó ti kan ọkọ̀ 100 GT.
- Ìwé àkọsílẹ̀ epo, Oil Record Book, fún ọkọ̀ 400 GT sókè, àti ọkọ̀ agbépo 150 GT sókè.

Ẹ̀kẹta yẹn ló ń bá àwọn ọlọ́kọ̀ kéékèèké lójijì. Mo ṣì ń gbọ́ “ọkọ̀ tiwa kò tó 400” lẹ́nu àwọn tó yẹ kó mọ̀.

Kí ni òkun lè gbà, kí ni kò gbọ́dọ̀ gbà?

Ike àti ọ̀rá: rárá, níbikíbi, bó ti wù kí òkun jìn tó. Òróró tí wọ́n ti fi dín nǹkan, eérú láti inú ẹ̀rọ ìjópàǹtírí, páálí, agolo, ìgò, àkísà elépo, àwọ̀n ìpẹja: rárá fún gbogbo wọn. Èbúté ni wọ́n ń lọ.

Ajẹkù oúnjẹ lè wọ òkun tí ọkọ̀ bá ń lọ lójú ọ̀nà rẹ̀. Tí ẹ bá ti lọ̀ ọ́ débi tó lè gba ihò mílímítà 25 kọjá, ó kéré tán máìlì òkun 3 sí ilẹ̀. Tí ẹ kò bá lọ̀ ọ́, máìlì òkun 12, ìyẹn bíi kìlómítà 22. Ẹ wò ó báyìí: kò tó Iléṣà sí Ifẹ̀. Nínú àwọn òkun tí òfin ti dáàbò bò lọ́tọ̀, bíi Mẹditaréníà àti Bọ́ọ́tíìkì (Baltic), ẹ gbọ́dọ̀ lọ̀ ọ́, kí ẹ sì wà ní máìlì 12 síta. Òkun tiwa níbí kò sí lára ìwọ̀nyẹn.

Òkú ẹran, fún ọkọ̀ tó ń kó màlúù tàbí àgùntàn: máìlì òkun 100, ó lé ní kìlómítà 180. Ẹni tó bá ti wọkọ̀ láti Iléṣà dé Ìbàdàn, kó mọ̀ pé ibi tí mò ń wí jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n ti lọ̀, tí wọ́n ti da oògùn apakòkòrò sí: ó gbọ́dọ̀ ju máìlì 3 lọ. Tútù rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ ju máìlì 12 lọ, kí ọkọ̀ máa sá tó nọ́ọ̀tì 4 (máìlì òkun mẹ́rin ní wákàtí kan), kí ó sì máa jáde díẹ̀díẹ̀.

Omi elépo láti ìdí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gba inú ẹ̀rọ ìyapo kọjá, kí epo tó kù nínú rẹ̀ má ju 15 ppm lọ, ìyẹn ìdá 15 nínú mílíọ̀nù kan. Ẹ kò gbọ́dọ̀ fi omi là á kó lè dín. Sílọ́jì, epo tó ki bí àmàlà tó ṣẹ́ kù nínú táǹkì ẹ́ńjìnnì, kò ní ọ̀nà kankan sínú òkun. Ẹ jó o nínú ẹ̀rọ tó ní ìwé ẹ̀rí fún un tàbí kí ẹ fún èbúté. Ẹ má sì jó o nínú èbúté o.

Ìgbésẹ̀, láti inú ọkọ̀ títí dé inú ìwé

1. Ẹ ṣà á lọ́tọ̀ láti ìdáná.

Lẹ́tà ni ìwé pàǹtírí fi ń pín wọn. Ẹ kọ lẹ́tà náà gàdàgbà sára garawa kọ̀ọ̀kan:

- A: ike, ọ̀rá, okùn ike, àpò ìrẹsì
- B: ajẹkù oúnjẹ
- C: páálí, bébà, agolo, ìgò
- D: òróró tí wọ́n ti lò
- E: eérú
- F: ti ibi iṣẹ́, bí àkísà elépo àti agolo ọ̀dà
- G: òkú ẹran
- H: àwọ̀n àti irinṣẹ́ ìpẹja
- I: ẹ̀rọ oníná tó ti bàjẹ́, fóònù, káàtíríìjì
- J àti K: ìyókù ẹrù. J ni èyí tí kò pa òkun lára, K ni èyí tó ń pa á lára.

Ibi tó máa ń bàjẹ́ ni B. Ẹ wo kúùkù tó fẹ́ ṣí àpò ìrẹsì ní aago márùn-ún ìdájí. Ó fa okùn ẹnu àpò náà ya, okùn ike funfun tínínrín, kò gùn ju ọwọ́ lọ, ó jù ú sínú garawa èèpo iṣu tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Tán. Gbogbo garawa yẹn ti di A, torí tí méjì bá pò mọ́ra, èyí tí òfin rẹ̀ le jù la ó tẹ̀ lé. Ẹ gbé garawa A kékeré kan ka orí tábìlì kúùkù gan-an, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń tó o. Mo ti lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ ògiri ìdáná rí. Garawa yẹn ṣiṣẹ́ ju ìwé lọ.

Bátìrì, abẹ́rẹ́ àti oògùn tó ti pé ọjọ́, ẹ fi wọ́n sínú ohun tó le, tó ní ìdérí, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

2. Ẹ wọ̀n ọ́n.

m³ ni ìwé ń béèrè. Lítà 1,000 ni m³ kan. Kó má baà dojú rú mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ rántí kẹ́ẹ̀gì òróró aláwọ̀ ìyeyè onílítà 25 tí wọ́n ń tò kalẹ̀ lọ́jà Àtàkúmọ̀sà: ogójì irú ẹ̀ ni m³ kan. Dúrọ́ọ̀mù onílítà 200, márùn-ún ni. Àpò pàǹtírí onílítà 100, mẹ́wàá ni, tó bá kún dáadáa.

Ní ti sílọ́jì, ẹ má fojú díwọ̀n. Ẹ sọ téèpù onírin sínú páìpù ìwọn, ẹ jẹ́ kí idẹ ẹnu rẹ̀ kan ìsàlẹ̀, kí ẹ rọra fà á sókè, kí ẹ wo ibi tí epo dé. Ẹ wá iye yẹn nínú tábìlì táǹkì. Ẹ ṣe é kí páìpù báàjì, ọkọ̀ tó ń wá gba ìdọ̀tí, tó so mọ́ yín, kí ẹ tún un ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá tú u.

3. Ẹ fi fọ́ọ̀mù ìfitónilétí nípa ìdọ̀tí ránṣẹ́ síwájú.

Ó kéré tán wákàtí 24 kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀. Tí ìrìn àjò náà kò bá tó wákàtí 24, ẹ fi ránṣẹ́ bí ẹ ṣe ń kúrò ní èbúté tó ṣáájú. Ejẹ́ǹtì ló ń gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kàn. Ẹ kọ orúkọ ọkọ̀ àti nọ́ńbà IMO rẹ̀ (IMO ni àjọ àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun), èbúté tó kúrò àti èyí tó ń lọ, ibi tí ẹ ti gbé ìdọ̀tí kalẹ̀ kẹ́yìn, iye tí ẹ fẹ́ gbé kalẹ̀ níbí lẹ́tà lẹ́tà, iye tí ẹ máa fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀, àti iye tí àyè yín lè gbà. Ẹ má fi àyè kankan sílẹ̀ lófìfo. Kọ 0.

4. Ẹ bi ejẹ́ǹtì: ta ló ń bọ̀?

Orúkọ iléeṣẹ́, ìwé àṣẹ rẹ̀, irú ìdọ̀tí tó lè gbà. Ẹlòmíràn ń gba pàǹtírí, kò lè gba epo. Ibi ìgúnlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ètò tirẹ̀ lórí wákàtí àti ẹnu ọ̀nà. Àpápá, Tin Can, Lẹ́kí, Onne, ẹ má fi ti ọ̀kan ṣe ti èkejì. Ejẹ́ǹtì tó bá ní “ẹ má ṣèyọnu, wọ́n á wá,” tí kò lè dárúkọ, òun gan-an ni kí ẹ ṣèyọnu lé lórí.

5. Kí ẹ tó tú epo.

Ẹ dí gbogbo ihò omi tó wà lórí ọkọ̀. Ẹ gbé abọ́ ìgbápo sábẹ́ ibi ìsopọ̀. Kí ẹ̀yin àti báàjì jọ fẹnu kò lórí bí epo ṣe máa yára tó, ta ló máa ké “dúró”, àti èdè tó máa fi ké e. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró ti ibi ìsopọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kì í lọ jẹun.

Ẹ wá wo fílánjì, irin róbótó tí wọ́n fi ń de páìpù méjì pọ̀. Ti epo fẹ̀ tó mílímítà 215, bóòtù mẹ́fà ló ní. Ti ìgbọ̀nsẹ̀ fẹ̀ tó 210, bóòtù mẹ́rin. Mílímítà márùn-ún ló wà láàárín wọn! Lóru, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì ẹnu, tí wọ́n ti fi ọ̀dà kan náà kùn ún, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ẹ ka bóòtù. Mo ti rí ẹni tó fi bóòtù mẹ́rin di fílánjì epo nítorí pé “ó ti mú”. Ó mú lóòótọ́, fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́jọ.

6. Ẹ máa kà bó ṣe ń jáde.

Ẹnì kan ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, bírò lọ́wọ́, àpò kan, ìlà kan. Ajẹkù oúnjẹ láti ọkọ̀ ilẹ̀ òkèèrè máa ń ní ètò tirẹ̀ nítorí àìsàn ẹran àti ti ọ̀gbìn. Ẹ dì í lọ́tọ̀, kí ẹ sì gbọ́ ohun tí àwọn elétò ìlera èbúté bá wí.

7. Ẹ gba rìsíìtì kí báàjì tó tú okùn.

Kì í ṣe “a máa fi ránṣẹ́ lọ́la”. Ẹ wo ọjọ́, aago, orúkọ ọkọ̀, irú ìdọ̀tí, iye m³, òǹtẹ̀ àti ìfọwọ́sí. Tí iye yàtọ̀ sí èyí tí ẹ kà, ẹ má fọwọ́ sí i. Tí wọ́n bá kọ̀ láti tún un ṣe, ẹ kọ iye tiyín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ kọ lẹ́tà àtakò sílẹ̀ kí ọ̀gá atukọ̀ fọwọ́ sí i.

8. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé lọ́jọ́ náà.

Òṣìṣẹ́ tó wà nídìí iṣẹ́ náà ló ń fọwọ́ sí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá atukọ̀ ń fọwọ́ sí ojú ewé tó bá kún. Ẹ má fi ọ̀dà funfun pa àṣìṣe rẹ́. Ẹ fa ìlà kan lé e lórí kí ó ṣì ṣeé kà, kí ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ kọ èyí tó tọ́. Ẹ so rìsíìtì mọ́ ìwé. Ìwé pàǹtírí ń gbé nínú ọkọ̀ fún ọdún 2 lẹ́yìn ohun tí ẹ kọ kẹ́yìn, ìwé epo fún ọdún 3.

Àwọn àṣìṣe tó ń dá ọkọ̀ dúró

*Rìsíìtì ọ̀fẹ́.* Èmi náà ti jẹ níbẹ̀. Èbúté kan tí n kò ní dárúkọ, báàjì kan dé lóru, wọ́n gba àpò méje lọ́wọ́ wa. Ìyẹn ò pé m³ kan. Rìsíìtì tí wọ́n gbé sílẹ̀ ní m³ 3. Mo bi wọ́n. Wọ́n ní gbogbo ọkọ̀ ló ń gbà á bẹ́ẹ̀, pé iye tó kéré jù nìyẹn. Mo fọwọ́ sí i, oorun ń kùn mí. Ní èbúté tó tẹ̀ lé e, òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ọkọ̀ wò ṣí ìwé wa, ó ní: èèyàn mọ́kàndínlógún lẹ wà nínú ọkọ̀ yìí, ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni ẹ gbé pàǹtírí kalẹ̀, níbo ni m³ 3 ti jáde wá? A ò rí ìdáhùn. Wákàtí mẹ́sàn-án la fi wà níbẹ̀ tí wọ́n ń tú ọkọ̀, olórí ẹnjiníà kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí ìrìn àjò yẹn fi parí. Iye tó kéré jù tí wọ́n ń gba owó lé lórí lè jẹ́ 3, ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ owó. Iye ìdọ̀tí ni kí rìsíìtì sọ.

*Ìwé tó dára jù.* Bí sílọ́jì bá ń pọ̀ sí i ní iye kan náà gẹ́lẹ́ lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò mọ̀ pé orí tábìlì ni wọ́n ti kọ ọ́.

*Páìpù ẹ̀yìn.* Ọ̀rẹ́ mi kan ń pè é ní páìpù babaláwo: páìpù tí wọ́n fi yà ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìyapo kọjá lọ sínú òkun. Lára ọ̀dà fílánjì ni wọ́n ti ń mọ̀ ọ́n: bóòtù tó ń dán lára fílánjì àtijọ́. Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ lè fún òṣìṣẹ́ ọkọ̀ tó tú àṣírí náà ní ìdajì owó ìtanràn. Nítorí náà, olórí ẹnjiníà tó bá ní kí ẹ so ó, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ má so ó.

*Ìjóná nínú èbúté.* “Díẹ̀ ni” kì í ṣe ìdáhùn.

Tí báàjì kò bá dé ńkọ́?

Ó ń ṣẹlẹ̀, ó sì máa tún ṣẹlẹ̀. Ohun tí ẹ lè ṣe nìyí, ẹ mú èyí tó bá yín mu:

- Tí àyè bá wà nínú ọkọ̀ títí dé èbúté tó kàn, ẹ gbé e lọ. Ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù tuntun pé ó ṣì wà lọ́wọ́.
- Ẹ ní kí ejẹ́ǹtì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ béèrè, pé kò sí. Ímeèlì tó. WhatsApp nìkan kò tó.
- Ẹ fi fọ́ọ̀mù IMO fún ibi ìgbàdọ̀tí tí kò péye ṣàlàyé fún ìjọba tí ọkọ̀ yín ń gbé àsíá rẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń gbé e dé IMO.
- Ẹ tẹ ike mọ́lẹ̀, ẹ pa páálí pọ̀. Àyè tí ẹ máa rí á yà yín lẹ́nu.

Àìsí báàjì kò sọ òkun di àkìtàn. Kò sí òṣìṣẹ́ ayẹ̀wò tó máa gbà á lẹ́nu yín.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ gbé sílọ́jì wá sílé

Ìbéèrè yìí pọ̀ láti Iléṣà ju ibikíbi lọ, mo sì mọ ìdí. Àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ń fi kọ́ńdẹ̀m, epo ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò, pa mólù kí búlọ́ọ̀kù má baà lẹ̀ mọ́ ọn, kọ́ńdẹ̀m mẹ́káníìkì sì ti wọ́n. Ẹnì kan á wá rí ẹni tó ń ta sílọ́jì ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ èbúté, owó pọ́ọ́kú, òun á gbé e wálé. Òṣómàáló ni wá, a mọ ibi tí èrè wà. Ṣùgbọ́n sílọ́jì ọkọ̀ kì í ṣe kọ́ńdẹ̀m tí wọ́n tú sílẹ̀ lára táksí. Epo tó wúwo, irin tó ti jẹ, kẹ́míkà ìfọ̀ ló wà nínú rẹ̀, tó bá sì já sílẹ̀ ní Ìsọ́kùn, kànga aládùúgbò ló ń wá. Òfin Harmful Waste tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 1988 ní ẹ̀wọ̀n gbére fún ẹni tó bá gbé, tó kó pamọ́ tàbí tó da ohun olóró láìgba àṣẹ. 

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe òwò yìí ní tòótọ́, kó gba ìwé àṣẹ, kó rí àgbá, táǹkì àti ọkọ̀ tó yẹ, kó sì ní ibi tí wọ́n ti ń tún epo náà ṣe. Owó ńlá ni. Kọ́ńdẹ̀m ṣọ́ọ̀bù tiyín náà, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù onídèérí lábẹ́ òrùlé, ẹ má dà á sí gọ́tà.

Àti ẹ̀yin tí ẹ pè mí lọ́jọ́ Àìkú nípa dúrọ́ọ̀mù mẹ́fà tó ti wà lẹ́yìnkùlé yín: ẹ má sun ún, ẹ má gbẹ́ ilẹ̀ bò ó, ẹ má fi tọrẹ. Ẹ fi tapólì bò ó kí òjò má baà kún un, ẹ tò ó sórí ibi tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, kí ẹ lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó àyíká ní Òṣogbo, kí wọ́n dárúkọ ẹni tó ní àṣẹ láti wá gbé e. Ọjọ́ tó bá wá gbé e, ẹ ka dúrọ́ọ̀mù náà lójú rẹ̀, kí ẹ gba rìsíìtì.